Bí ẹ ṣe máa rí ojú olè kedere, tí fídíò á sì tún pẹ́ nínú dísíkì

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà sí bùtíìkì tàbí sílé, "mégapíksẹ́lì mélòó ni?" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó ń tà á á ní 5, á ní 8, á ṣí fídíò kan tó mọ́ gaara lórí fóònù rẹ̀, owó á sì kúrò lápò. Kò sẹ́ni tó bi í pé fídíò náà á lo ọjọ́ mélòó nínú ẹ̀rọ kó tó pa rẹ́. Ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà o, torí tí kámẹ́rà bá mú ojú olè kedere lọ́jọ́ Ajé, tẹ́ ẹ ò wá mọ̀ pé nǹkan sọnù àfi lọ́sẹ̀ kejì, tí dísíkì sì ti pa ọjọ́ Ajé yẹn rẹ́, kí lẹ fẹ́ fi ojú tó mọ́ kedere yẹn ṣe? Òdìkejì rẹ̀ náà ò dáa. Mo ti rí fídíò oṣù méjì tó jẹ́ pé òjìji èèyàn ló kún inú ẹ̀, ojú rú, ẹ ò lè sọ bóyá ọmọ àdúgbò ni àbí àlejò.

Ẹ̀rọ tó ń gba fídíò, yálà DVR ni o tàbí NVR, kì í dúró tí dísíkì bá kún. Ó máa pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́, á kọ tuntun lé e. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, Overwrite ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, tí mẹ́nù bá jẹ́ ti Faransé ẹ máa rí Écraser. Tẹ́ ẹ bá pa á, ọjọ́ tí dísíkì bá kún ni gbígbà fídíò máa dáwọ́ dúró, ẹ̀yin á sì máa rò pé kámẹ́rà ń ṣọ́ yín. Ṣùgbọ́n tí Overwrite bá ti wà, iye ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rọ yín lè rántí, ó sì sàn kẹ́ ẹ fúnra yín yan iye yẹn.

Iye ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Ẹ bi ara yín pé, tí nǹkan bá sọnù lónìí, ọjọ́ wo ni mo máa tó mọ̀? Ẹni tó ń ka owó àpótí lálaalẹ́ máa mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ 7 tó o tí kò bá ní ọjà púpọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ nítòsí ọjà Ouando níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, ìparí oṣù ló máa ń ka ọjà. Aṣọ tó wà lórí pẹpẹ yẹn, wọ́n tò ó léra dé òkè àjà, tẹ́nì kan bá fa ìdì méjì yọ láàárín, tó fọwọ́ tẹ àwọn tó kù sílẹ̀ kí wọ́n dọ́gba, tó sì fa etí aṣọ tòkè wá síwájú díẹ̀, ẹ lè dúró níwájú pẹpẹ yẹn lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ má mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń kà á ló máa hàn. Ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 30 ló nílò, kò gbọ́dọ̀ dín. Ẹni tó kọ́lé sí Kétu tó jẹ́ pé Kútọnu ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń wálé lọ́sẹ̀ méjì méjì, kó wá nǹkan bí ọjọ́ 20, torí ìgbà míì iṣẹ́ lè má jẹ́ kó wá. Ẹni tó ti àpò kajú mọ́ ilé ìkẹ́rù ní Ṣábẹ tó ń dúró de kí owó ọjà gbéra, tiẹ̀ á ju oṣù kan lọ dáadáa.

Ẹ kọ iye ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Gbogbo ohun tó kù, torí kí ọjọ́ yẹn lè pé la ṣe ń ṣe é.

Ìṣirò rẹ̀ ò le rárá

Ẹ ṣí mẹ́nù ẹ̀rọ yín, ẹ wá Encode tàbí Encodage, ẹ máa rí Bitrate níbẹ̀, Débit ni wọ́n ń kọ ní Faransé. Òun ni iye dátà tí kámẹ́rà kan ń dà sínú dísíkì ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan. Kbps ni wọ́n fi máa ń kà á, 1024 Kbps ẹ kàn pè é ní 1 Mbps. Tí kámẹ́rà kan bá ń gbà ní 1 Mbps láìdúró, GB 0.45 ló máa jẹ ní wákàtí kan, GB 10.8 lójúmọ́. Iye méjèèjì yìí ni kẹ́ ẹ há sórí.

Ó dáa, ká ṣírò. Kámẹ́rà 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí 4 Mbps, iye yìí lọ̀pọ̀ ẹ̀rọ 1080p sì máa ń gbé wá tí wọn ò bá tíì fọwọ́ kàn án. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 16 lọ́nà 10.8 jẹ́ GB 172.8 lójúmọ́. Dísíkì 1 TB tẹ́ ẹ rà, tẹ́ ẹ bá fi sínú ẹ̀rọ, GB 931 ló máa kọ. Ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà, ọ̀nà tí àwọn tó ṣe dísíkì ń gbà kà á ló yàtọ̀ sí bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á. Ẹ fi 931 yẹn ṣírò kí ìdáhùn má bàa fi ọjọ́ tí kò sí tàn yín. 931 pín sí 172.8, ọjọ́ 5 àti àjẹkù. Ọjọ́ 5 péré o! Ẹni tó ń ka ọjà níparí oṣù, kámẹ́rà 4 ló rà yẹn, ó dà bí ẹni tí ò ra nǹkan kan ni.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fi kún ọjọ́. Ẹ lè ra dísíkì tó tóbi, tàbí kẹ́ ẹ dín ohun tí kámẹ́rà ń dà sínú ẹ̀ kù. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí èkejì, torí kò gba owó, ọ̀pọ̀ ohun tí kámẹ́rà ń gbà ni kò sì ní wúlò láéláé.

Ojú tó hàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ mégapíksẹ́lì nìkan

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. 1080p tí wọ́n ń pè ní 2 MP (mégapíksẹ́lì 2), píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán, 1920 ló ní láti ọ̀tún dé òsì. 4 MP ní 2560. 4K tó jẹ́ 8 MP ní 3840. Ohun tó ń jẹ́ kí ojú èèyàn hàn ni iye píksẹ́lì tó bọ́ sórí mítà kan níbi tí ẹni náà dúró sí. Ìlànà Yúróòpù kan wà tó ń jẹ́ EN 62676-4, ti ọdún 2015, òun lọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Ó ní píksẹ́lì 250 sí mítà kan ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè sọ ẹni tó jẹ́ kódà tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n rí. 125 ti tó tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀. 25 máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èèyàn kan wà níbẹ̀, ó parí.

Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ìbú ibi tí kámẹ́rà ń wò, níbi tí èèyàn máa ń dúró sí. Ká ní ẹnu ọ̀nà bùtíìkì ni, tí kámẹ́rà ń rí mítà 4. 1920 pín sí 4 jẹ́ 480. Kámẹ́rà 2 MP ti ju ohun tẹ́ ẹ nílò lọ níbẹ̀, owó 8 MP tẹ́ ẹ fẹ́ san sí ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ fi ra dísíkì. Wàyí o, ká ní ọgbà ilé ni, mítà 20. 1920 pín sí 20 jẹ́ 96, ẹ ò lè dá ojú mọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé 4K síbẹ̀, 3840 pín sí 20 jẹ́ 192, ẹ lè dá ọmọ ilé mọ̀ àmọ́ àlejò ò ní hàn tó bó ṣe yẹ, ẹ sì ti sọ ìnáwó dísíkì di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tó dáa jù níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí 2 MP máa wo ọgbà lápapọ̀, kó kàn máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé òmíràn sí géètì tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ojú ẹnì kan tó hàn dáadáa lẹ́ẹ̀kan péré ní géètì tó. Ọgbà máa sọ ohun tó ṣe, géètì máa sọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ kíyè sí gíga rẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ tó ń gbé kámẹ́rà kọ́ máa gbé e sókè pátápátá lábẹ́ àjà kẹ́nì kan má bàa fọwọ́ kàn án, ohun tí fídíò á sì máa fi hàn ni òkè fìlà, gèlè, àti héńmẹ́ẹ̀tì àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ lórí zémì. Kámẹ́rà ojú, ẹ má gbé e kọjá mítà 2 ààbọ̀. Tí ilẹ̀kùn bá kọjú sí títì tí oòrùn ń wọlé látẹ̀yìn ẹni tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ á dúdú kirikiri, ẹ wá WDR nínú mẹ́nù kẹ́ ẹ tàn án, kì í fi bẹ́ẹ̀ fi kún bitrate. Tẹ́ ẹ bá sì ń ra kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, lẹ́ǹsì 4 mm tàbí 6 mm ni kẹ́ ẹ béèrè fún, 2.8 mm tí wọ́n máa ń kó wá ń wo ibi tó gbòòrò jù, ojú á wá kéré nínú rẹ̀.

Fírémù mélòó ní sẹ́kọ́ǹdù?

Fírémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò. 25 ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Èèyàn tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ máa ń rin nǹkan bíi mítà 1.4 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Tí kámẹ́rà bá ń ya 12 ní sẹ́kọ́ǹdù, láàárín fírémù kan sí èkejì ẹni náà ò tíì rìn ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Kí lẹ tún ń wá? 12 tó fún ẹnu ọ̀nà, ọgbà, àti ìta. Orí káńtà tí wọ́n ti ń gba owó ni mo máa ń fi 15 sí, torí ọwọ́ yá ju ẹsẹ̀ lọ, ẹni tó ń ka owó lè ká bébà kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kẹ́ ẹ má rí i. Ilé ìkẹ́rù tí èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀, 8 tó o.

Tẹ́ ẹ bá ti dín fírémù kù, ẹ dín I Frame Interval náà kù (iye fírémù tó wà láàárín odindi àwòrán kan sí èkejì), kó jẹ́ ìlọ́po méjì fírémù. Ìyẹn ni pé fírémù 12, I Frame 24. Ẹ dín bitrate náà kù lẹ́yìn rẹ̀, torí tí kámẹ́rà bá wà lórí CBR, ìyẹn bitrate tí kì í yí padà, tẹ́ ẹ dín fírémù nìkan, iye dátà kan náà lá ṣì máa dà sínú dísíkì, àwòrán kàn máa mọ́ sí i ni.

Àwọn kan rò pé fírémù púpọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń sáré má rú. Rárá o. Shutter ni, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún fírémù kọ̀ọ̀kan. Tí shutter bá wà lórí 1/25, ẹni tó ń sáré máa fà bí òróró kódà tí fírémù bá jẹ́ 25. Ẹ gbé e sí 1/50 tàbí 1/100 níbi tí iná bá ti tó. Nínú mẹ́nù yẹn náà, ẹ rí i pé 50 Hz tàbí PAL lẹ yàn, torí 50 Hz ni iná wa ní Benin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná inú bùtíìkì á máa sọ ìlà dúdú sórí àwòrán.

H.265 ni kẹ́ ẹ mú

H.264 àti H.265 jẹ́ ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà fún fídíò pọ̀ kó lè kéré. H.264 jáde ní 2003, H.265 ní 2013. Fún àwòrán tó rí bákan náà, H.265 ń gba nǹkan bí ìdajì ohun tí H.264 ń gbà. Tí kámẹ́rà àti ẹ̀rọ yín bá ní i, ẹ yí i síbẹ̀ lónìí, kámẹ́rà 2 MP tó ń jẹ 4 Mbps lè wálẹ̀ sí 2 kí ojú ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jọ gbọ́ ọ o, tí ọ̀kan ò bá gbọ́ ọ ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú tẹlifíṣọ̀n. H.265+ tàbí Smart Codec tún máa ń dín in kù sí i, ó dáa fún ilé ìkẹ́rù tí ohunkóhun kì í mì, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ lórí káńtà, torí ó máa ń dín ibi tó bá rò pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀ kù, mo sì fẹ́ gbogbo ibẹ̀ pátá.

Lẹ́yìn náà ẹ yan VBR. CBR máa ń da iye kan náà yálà èèyàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. VBR máa ń fà sẹ́yìn tí ibẹ̀ bá dákẹ́, á gbéra tí èèyàn bá dé, iye tẹ́ ẹ kọ sí Bitrate yẹn ló sì máa dúró lé, kò ní kọjá ibẹ̀. Ohùn ńkọ́? Ẹ má dààmú, 64 Kbps lọ̀pọ̀ ń lò, kò tó GB 1 lójúmọ́.

Alẹ́ ló ń jẹ dísíkì jù

Ẹ ò ní gbà gbọ́ àfi tẹ́ ẹ bá wò ó. Tí ilẹ̀ bá ṣú, kámẹ́rà á máa gbìyànjú láti ríran, àwòrán á wá kún fún ìyẹ̀pẹ̀ kéékèèké tó ń mì, ẹ̀rọ á rò pé nǹkan ń rìn níbi gbogbo, bitrate á sì gun òkè títí ilẹ̀ fi mọ́, lórí fídíò tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Gílóòbù LED kékeré kan níta ń tún gbogbo èyí ṣe. Iná díẹ̀, ìyẹ̀pẹ̀ á lọ, àwọ̀ aṣọ èèyàn á hàn, dísíkì á simi. Tẹ́ ẹ bá ní owó ohun kan péré láti fi kún kámẹ́rà yín, ẹ ra iná.

Kòkòrò ni wàhálà kejì. Iná pupa tí kámẹ́rà fi ń ríran lóru, tí a kì í fi ojú rí dáadáa, ooru àti iná rẹ̀ ń pe kòkòrò, aláǹtakùn á wá ta òwú rẹ̀ síwájú lẹ́ǹsì, gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ kámẹ́rà á ní èèyàn dé. Lẹ́yìn òjò tí ẹ̀sunsun bá jáde, ẹ lè rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fídíò lóru kan tó jẹ́ ìyẹ́ ẹ̀sunsun nìkan. Ẹ gbé iná LED yẹn jìnnà sí kámẹ́rà díẹ̀ káwọn kòkòrò lè bá iná lọ, ẹ sì máa fi aṣọ rírọ̀ nu lẹ́ǹsì. Nígbà ọyẹ́, ẹ nù ún lemọ́lemọ́, eruku tó bà lé e máa ń sọ fídíò òru di funfun bí kùrukùru.

Gbígbà láìdúró àbí ìgbà tí nǹkan bá mì?

Motion ni wọ́n ń pe èkejì, ó sì lè sọ ọjọ́ 10 di 30. Àmọ́ mi ò gbà kí gbogbo kámẹ́rà wà lórí ẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó rọra ń rìn létí àwòrán ò ní jẹ́ kó jí, tàbí kó jí lẹ́yìn tí ọwọ́ ti wọ àpótí owó. Nítorí náà, níbi owó àti ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó máa gbà láìdúró níwọ̀n ìgbà tí bùtíìkì bá ṣí, kó wá di motion tẹ́ ẹ bá ti tilẹ̀kùn. Nínú Schedule lẹ máa ti fa wákàtí rẹ̀. Ilé ìkẹ́rù, motion láti àárọ̀ dé àárọ̀. Ìta, èmi á jẹ́ kó máa gbà láìdúró, torí zémì, ewúrẹ́ àti ewé igi á kúkú máa jí i ṣáá.

Ẹ fa ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó máa ṣọ́. Mẹ́nù yẹn máa fi àwòrán tí wọ́n pín sí igun kéékèèké hàn yín, ẹ yọ títì kúrò, ẹ yọ fáànù kúrò, ẹ yọ aṣọ tó so kọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kúrò, ẹ fi ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi Pre-record sí sẹ́kọ́ǹdù 5 tàbí 10 kẹ́ ẹ lè rí ibi tó ti ń bọ̀, Post-record sí 30. Tí ẹ̀rọ yín bá lè ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹranko àti òjò, Human Detection ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ẹ tàn án, ó ń ran ni lọ́wọ́ gan-an.

Ká wá fi ṣe bùtíìkì aṣọ kan

Kámẹ́rà 4 àtẹ̀ẹ̀kan yẹn náà, dísíkì 2 TB, ìyẹn GB 1863, bùtíìkì ń ṣí aago 7 àárọ̀, ó ń tì aago 8 alẹ́. Gbogbo ẹ̀ 1080p, H.265, VBR.

Ẹnu ọ̀nà 3 Mbps, fírémù 12. Káńtà 3 Mbps, fírémù 15. Méjèèjì ń gbà láìdúró fún wákàtí 13 tí bùtíìkì ṣí, ká fi wákàtí 1 kún un fún motion alẹ́, ó di 14. 6 Mbps lọ́nà wákàtí 14 lọ́nà 0.45, GB 37.8. Ibi ìkẹ́rù lẹ́yìn, 1 Mbps, fírémù 8, motion nìkan, ká ní wákàtí 3 ló ń jí lójúmọ́, GB 1.35. Ìta, 2 Mbps, fírémù 12, láìdúró, GB 21.6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi GB 61. 1863 pín sí 61, ọjọ́ 30.

Ẹ ò rí i, kámẹ́rà kan náà tó ń rántí ọjọ́ 5, a ò ra kámẹ́rà tuntun, dísíkì la sọ di ìlọ́po méjì, ọjọ́ sì di ìlọ́po mẹ́fà, ojú tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò sì bàjẹ́ rárá. Tí owó 2 TB ò bá tíì sí, 1 TB máa fún yín ní ọjọ́ 15 pẹ̀lú ètò yìí. Nígbà yẹn ẹ̀gbọ́n á kàn máa ka ọjà lọ́sẹ̀ méjì méjì títí owó á fi dé. Ìyẹn náà jẹ́ ojúlówó ọ̀nà àbáyọ, ẹ yí ìgbà tẹ́ ẹ ń ka ọjà padà dípò kẹ́ ẹ ba àwòrán jẹ́.

Ẹ má gbára lé ìṣirò nìkan ṣá o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo iye GB tó ti lọ nínú dísíkì, ẹ pín in sí ọjọ́ 7, ẹ máa mọ iye tó ń jẹ gan-an.

Ẹni tó ní kámẹ́rà Wi-Fi kan ṣoṣo tó ń lo mẹ́mórì káàdì, ìṣirò kan náà ni. Káàdì GB 128, 2 Mbps láìdúró, ọjọ́ 5 ló máa gbà. Ẹ fi motion sí i, ẹ sì ra káàdì tí wọ́n kọ High Endurance sí, káàdì fóònù lásán kì í pẹ́ bàjẹ́ lábẹ́ kíkọ àkọtúnkọ. Ẹ rántí pé olè tó bá yọ kámẹ́rà lọ ti mú fídíò náà lọ.

Dísíkì, iná, aago

Dísíkì kọ̀ǹpútà lásán ò yẹ iṣẹ́ tí kì í simi. Àwọn tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà wà, WD Purple àti Seagate SkyHawk ni wọ́n mọ̀ jù. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ yín kẹ́ ẹ tó rà, torí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní TB tó lè gbà mọ.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń ba dísíkì jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa, kì í tiẹ̀ ṣe òkùnkùn yẹn nìkan, bó ṣe ń já lójijì nígbà tí dísíkì ń kọ nǹkan lọ́wọ́ ni. Ẹ fi ẹ̀rọ àti kámẹ́rà sórí onduleur, àpótí oníbátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀, kékeré náà tó. Ìgbà tí iná bá dé padà, ẹ wo aago. Tí bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ bá ti kú, aago á padà sí ọdún àtijọ́, fídíò á máa wọlé pẹ̀lú déètì tí kò jẹ́ òótọ́, ẹ sì lè wá olè ọjọ́ Jímọ̀ títí kẹ́ ẹ má rí i. Agbègbè àkókò wa ni GMT+1, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń wá pẹ̀lú GMT+8, ẹ yí i, ẹ sì pa DST, ìyẹn yíyí aago síwájú sẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe láwọn ilẹ̀ kan.

Tẹ́ ẹ bá ń wo kámẹ́rà lórí fóònù láti ọ̀nà jíjìn tí dátà ń tán kíákíá, Sub Stream ni kẹ́ ẹ dín kù, ẹ má fọwọ́ kan Main Stream. Sub ni fóònù ń wò, Main ni dísíkì ń gbà.

Ohun kan tún wà nípa ibi tẹ́ ẹ kọjú kámẹ́rà sí. Àwòrán èèyàn wà lára ohun tí òfin ìlú wa ń dáàbò bò, Code du numérique, òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2018, APDP ni àjọ tó ń bójú tó o. Ẹ má kọjú kámẹ́rà sí yàrá aládùúgbò tàbí ilé ìwẹ̀, ẹ lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kámẹ́rà wà níbí, ẹni tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kó lọ béèrè lọ́dọ̀ APDP ohun tó yẹ kó ṣe. Fídíò tó bá ju iye ọjọ́ tẹ́ ẹ nílò lọ, ẹ jẹ́ kó pa rẹ́, kò sídìí tẹ́ ẹ fi ń tọ́jú ìrìn àwọn ẹlòmíì sílé.

Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ má dúró di ọ̀la. Lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti mọ̀, ẹ lọ sí Playback, ẹ wá wákàtí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tí ẹ̀rọ bá ní Lock ẹ tì í kí Overwrite má pa á rẹ́. Ẹ gba fídíò náà sórí clé USB, kó bẹ̀rẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú 10 ṣáájú, kó sì kọjá ibi tó parí sí, gbogbo kámẹ́rà pátá, kì í ṣe èyí tó rí olè nìkan, torí kámẹ́rà ìta ló máa sọ bóyá ẹsẹ̀ ló fi wá tàbí ọ̀kadà. Ẹ má fi fóònù ya ojú tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ sọ pé fídíò nìyẹn, àwòrán yẹn máa ń rú, déètì sì lè má hàn. MP4 ni kẹ́ ẹ yàn tó bá wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún kòmísáríà, ọ̀kan fún yín. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi clé náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí i, ẹ wò ó dé òpin, torí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ lè má gbọ́ H.265. Tí kò bá ṣí, ẹ fi VLC, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí fídíò, sórí clé USB yẹn, kẹ́ni tó fẹ́ wò ó lè rí i wò.